Àwọn Adájọ́ Orin Ọ̀dẹ̀dá

Ohun mẹ́ta ló pọ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá ju bí a ti nílò wọn lọ: òkúta, ẹ̀gẹ́ àti èrò. Òkúta, àwọn oníkúárì ń fọ́ ọ, wọ́n ń fi tírélà kó o lọ. Ẹ̀gẹ́, à ń rẹ ẹ́, à ń sá a, à ń lọ̀ ọ́ ní láfún. Èrò nìkan la ò tíì rí oníbàárà fún, ìdí rèé tí a fi ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú títì Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo ń pa, ẹ mú orin kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta wa, kí ẹ so ó mọ́ sípíkà ńlá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé. Kí gìtá tó dún, ẹ ó ti gbọ́ ìdájọ́ tó tó mẹ́rin. Ọ̀kan á ní ó dára. Ọ̀kan á ní kò dára. Ẹ̀kẹta á ní òun ti gbọ́ ọ rí, pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe dùn jù ú lọ. Ẹ̀kẹrin á béèrè ẹni tó kú.

Orin tí èmi gbé lọ, ti ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní Renaissance ni. Scheherazade and Other Stories ni orúkọ àwo náà, ó jáde ní 1975. Rọ́ọ̀kì ni, àmọ́ kì í ṣe rọ́ọ̀kì àwọn tó ń la gìtá mọ́lẹ̀ lórí ìtàgé. Èyí tí wọ́n pò mọ́ dùùrù àti fayolíìnì ni, tí odidi ọ́kẹ́sítírà wà lẹ́yìn rẹ̀, tí orin á máa lọ, á yà sọ́tùn-ún, á dákẹ́ pátápátá bí ẹni pé ó ti tán, tí ẹ bá sì ti dìde kí ẹ máa lọ, á tún gbéra sọ. Obìnrin ló ń ṣáájú. Annie Haslam, ọmọ ìlú Bolton, tó wọ ẹgbẹ́ náà ní 1971, ló ń kọrin. Ohùn rẹ̀ a máa gòkè dé ibi tí ẹ̀yin ti rò pé ó ti parí, a sì tún máa bá tirẹ̀ lọ láti ibẹ̀. Lójú kejì àwo ọ̀hún, orin kan ṣoṣo ló wà. Ìṣẹ́jú 24 ló gbà.

“Ó gùn jù!”

Alàgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí ẹ tó káàánú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá náà jẹ́ fún yín. Nínú gbogbo ìpàdé ẹbí, òun ni wọ́n máa ń ní kó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀hún ló sì máa ń sọ ìrẹsì gbígbóná di tútù. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí Líṣàbi, á gba Ṣódẹkẹ́ kọjá, á dárúkọ àwọn tó ti sùn níkọ̀ọ̀kan, á wá bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ̀ẹ́ kí àkókò lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Òun ló ní orin ìṣẹ́jú 24 gùn.

Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Ta ló kọ́ wa ní orin gígùn bí kì í bá ṣe Ebenezer Obey, ọmọ Ẹ̀gbá tiwa? Láyé àwo ńlá, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé ojú kan, ó di kí ojú kan parí. Gìtá á fa orin kan wọnú òmíràn, ìlù kò ní sinmi, a ó kí olówó, a ó kí ìyàwó olówó, a ó kí ẹgbẹ́ olówó, a ó kí dírẹ́bà tó gbé olówó wá sóde. Alàgbà kò wo aago nígbà yẹn. Orí àga ló wà, ó na etí, ó ń retí kí wọ́n dárúkọ òun. Ìjà tó ń bá Annie Haslam jà gan-an nìyẹn: arábìnrin náà kọrin odidi ìṣẹ́jú 24, kò ki ọmọ Ẹ̀gbá kankan. Ká ní ó fi “ọmọ Líṣàbi” há a láàárín lẹ́ẹ̀kan péré ni, ọwọ́ Alàgbà ì bá ti wà nínú àpò, ì bá sì máa bi mí bóyá wọ́n ń gba tiránsífà.

Àwọn oníná wá bá a dá sí i. Níbi tí orin ti ń gòkè bọ̀, tí fayolíìnì ti kó ara wọn jọ, ni iná lọ. Gbogbo ìkóríta pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bó ṣe parí nìyẹn, wọ́n sì ní ìparí yẹn ló dùn jù níbẹ̀.

Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, bàbá onílù kan tó ń lọ sóde ìsọmọlórúkọ ti dara pọ̀ mọ́ wa, dùndún rẹ̀ wà léjìká. Ó tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Ìlù dà?”

Mo ní, “Bàbá, ìlù wà níbẹ̀. Terence Sullivan ló ń lù ú.”

“Kí ló ń fi wí?”

“Kò wí nǹkan kan, bàbá. Ó kàn ń lù ú ni.”

Bàbá wò mí bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kọ́lẹ́ láìṣe ilẹ̀kùn sí i. “Láti ìgbà tí mo ti dúró yìí, ó ń lu ìlù, kò kí ẹnikẹ́ni, kò bú ẹnikẹ́ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Ó béèrè bóyá wọ́n sanwó fún un. Mo ní wọ́n san. Ó tún mi orí, ó sì kó ìlù rẹ̀ sí abẹ́ apá kejì, bí ẹni pé nǹkan ọ̀hún lè ràn án.

N kò ní purọ́, ẹjọ́ bàbá yìí dùn mí díẹ̀, nítorí onílù tí kò bú ẹnikẹ́ni ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí náà, oríkì kan ṣoṣo ló fi ń jẹun láti Òpéjì dé Ìlugùn. Lóde kan tí mo wà, ó fi ìlù ki bàbá ọmọ ní ọmọ Ẹ̀gbá Aláké, inú bàbá ọmọ dùn, ó ná owó bí omi. Ìjẹ̀bú ni bàbá ọmọ náà. Òun kò gbọ́ ìlù, onílù kò béèrè ìran, gbogbo wọn lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Àǹtí aránṣọ ní tirẹ̀ sọ pé kò yé òun. “Kí ni obìnrin yẹn ń sọ gan-an? Orin tí kò yé èèyàn, kí la fẹ́ fi ṣe?” Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti ń sunkún sí orin fíìmù Íńdíà láti kékeré. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn. Ó kàn mọ̀ pé wọ́n ti ya ọmọ nípá lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n ti di ọlọ́pàá, àbúrò ti di olè, pé ọjọ́ kan ni wọ́n máa fi àmì ara dá ara wọn mọ̀. Ó lè kọ gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kó sì máa fi ọwọ́ jó o. Íńdíà yé e. Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba fi owó kọ́ ọ níléèwé ni kò yé e.

Nítorí tirẹ̀ ni mo fi sọ ìtàn inú orin náà fún wọn, ohun tó sì da àwùjọ rú nìyẹn. Mo ní ọba kan wà nínú ìtàn Lárúbáwá tí ìyàwó rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Inú bí i, ó wá ń gbé ìyàwó tuntun lálaalẹ́, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, á ní kí wọ́n pa á. Títí ó fi kan Scheherazade, ọmọ olóyè ààfin. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ ìtàn lóru, ó dá a dúró síbi tó ti dùn. Ọba fẹ́ gbọ́ ìyókù, kò lè pa á. Báyìí ló ń ṣe fún òru 1,001.

Ọlọ́kadà kan fò dìde lórí ọ̀kadà rẹ̀: “Àwọn ẹbí ìyàwó ńkọ́? Wọn ò ṣèwádìí?” Òmíràn ní alárinà ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Ìyá kan tó ń ṣe alága ìjókòó káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ wa ló wá sọ̀rọ̀ tó lọ́gbọ́n nínú. Ó ní ìtàn ọ̀hún kò lè ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, pé kí ọba tó fojú kan ìyàwó, òun á ti ní kó dọ̀bálẹ̀, kó dìde, kó tún dọ̀bálẹ̀ torí pé àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀, kó san owó ìṣílẹ̀kùn, owó ìṣíjú, owó ìkanlẹ̀kùn, owó “ẹ jẹ́ ká mu omi”. Ó ní òru 1,001 kéré. Pé ibi tí ọba bá ti máa dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, ọba kò ní ní owó tí yóò fi gba apànìyàn.

Mo gbà fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ sí ìlú Lárúbáwá.

Pásítọ̀ kan tó ń kọjá gbọ́ dùùrù, ó yà. Ó ní ohùn áńgẹ́lì ni. Nígbà tó gbọ́ pé ọba apànìyàn ni orin dá lé lórí, ó ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ohùn yẹn ní nǹkan nínú, pé kò sí áńgẹ́lì tó ń fi gìtá ṣeré. Mo rán an létí pé àlùfáà Ẹ̀gbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ohùn Yorùbá sínú àwo: Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, tó kọ àwọn orin ìyìn lédè wa sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London ní 1922. Pásítọ̀ dákẹ́ díẹ̀. Ó wá bi mí iye tí wọ́n san fún Kánọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n sáré mẹ́nu kan akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wá láti Alábàtà, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu kan òun. Bí orin bá ti yí padà, á di ojú, á mi orí, á ní, “Ó jinlẹ̀.” Mo bi í pé ohun èlò wo ló ń dún yìí? Ó ní, “Ó jinlẹ̀ gan-an.” Àrùn ẹ̀gẹ́ ló ń kọ́ níléèwé. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ẹ̀gẹ́ wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dàrú ni ẹnu bábà. Ẹ mọ̀ pé ní Ọ̀dẹ̀dá, bábà ló kẹ́yìn adájọ́, nítorí abẹ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin bá ń bá a jiyàn. Ó tẹ́tí, ó gbé orí oníbàárà kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Gbogbo èyí dára. Ta ni ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀?”

Mo ní obìnrin ló ń kọrin. Ó ní òun ti gbọ́, ta ni ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀? Mo ní ọ̀rọ̀ inú orin náà pàápàá, obìnrin akéwì kan ló kọ ọ́, Betty Thatcher, tó ń gbé ní Cornwall. Kì í tilẹ̀ bá wọn rìn. Àwọn olórin á fi ohùn orin ránṣẹ́ sí i, òun á sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ padà nínú lẹ́tà. “Àwọn olórin wo?” Mo ní Michael Dunford tó ń ta gìtá... Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti na abẹ sókè: “Ẹ ò rí i! Mo ní ọkùnrin wà ńbẹ̀!” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gé irun oníbàárà yẹn kọjá ibi tí wọ́n jọ ṣàdéhùn.

Èyí ló máa ń bí mi nínú jù nínú gbogbo àwọn adájọ́ orin wa. Bí ọkùnrin bá kọrin, ohùn rẹ̀ la máa ń sọ. Bí obìnrin bá kọrin, a ó wá ọkọ rẹ̀, a ó wá ọ̀gá rẹ̀, a ó wá ẹni tó ra gìtá fún un. Bó sì ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, a ó ní ó le bí ọkùnrin. Ṣé ẹ gbàgbé pé àwọn ará ìwọ̀ oòrùn wa níbẹ̀, láti Ìlaròó dé Ìmẹ̀kọ, ọkùnrin wọn ló ń wọ ìró àti bùbá, tó ń gbé ère orí obìnrin rù, tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti fi wá ojú rere àwọn ìyá? Ọkùnrin lè wọ aṣọ obìnrin kó fi jó, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Obìnrin wọ aṣọ ara rẹ̀, ó kọrin, bábà Ọ̀dẹ̀dá ń wá ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tó bá bi irú ìbéèrè yẹn ní Kánádà, màá dárí jì í. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ńkọ́? Eré orin tó pariwo jù nínú ìtàn Abẹ́òkúta, ta ló ṣáájú rẹ̀? Obìnrin ni. Ní 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ síwájú ààfin Aké nítorí owó orí. Kò sí gìtá, kò sí sípíkà, kò sí fayolíìnì kankan. Orin ni wọ́n fi ń bá ìjọba jà. Wọ́n kọ ọ́ lójú ọ̀sán, wọ́n kọ ọ́ lóru, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n jí, wọ́n tún kọ ọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ti fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, ó ti ìlú jáde, ó di ìparí 1950 kí Kábíyèsí tó padà wálé. Eré tó lé ọba kúrò láàfin, ìṣẹ́jú mélòó lẹ rò pé ó gbà? Mo sọ èyí fún bábà. Ó dákẹ́. Oníbàárà tó wà lábẹ́ abẹ ló dáhùn, ó ní bàbá àgbà òun wà ní Aké nígbà náà, pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó wà.

Alàgbà wá jí. Ó ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ti sú òun, pé bí mo bá fẹ́ràn obìnrin tó ń kọ rọ́ọ̀kì tó bẹ́ẹ̀, kí n gbé ti ilé wá. Ó rò pé òun ti dè mí mọ́lẹ̀. Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn láti ọ̀sán. Mo tẹ Danger, àwo tí Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu gbé jáde ní 1976.

Àwọn ìbejì yìí, ìlú Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí wọn sí ní 1948, ẹbí Fẹlá sì ni wọ́n. Nígbà tí Ginger Baker, ọ̀gá onílù rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ la aginjù Sàhárà wá sí Èkó ní 1971, wọ́n pàdé rẹ̀. Ní 1972 wọ́n bá ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, Salt, lọ ṣeré ní Munich ní Jámánì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Afrodisia, tó wà lábẹ́ Decca, ń gbé àwo wọn jáde léraléra: Danger, lẹ́yìn rẹ̀ Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Biddy Wright ló wà nídìí gìtá àti àwọn ohun èlò míì nínú Danger. (Bábà, mo mọ̀ pé ẹ ti na abẹ sókè. Ẹ gbé e sílẹ̀.) N kò sọ pé ọ́kẹ́sítírà wà níbẹ̀. Dùùrù oníná wà níbẹ̀ tó ń ké, gìtá wà níbẹ̀ tó ń rá pálá, Gẹ̀ẹ́sì wà, Yorùbá wà. Lékè gbogbo rẹ̀, ohùn méjì tó wọnú ara wọn débi pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí Táyé parí sí, tí Kẹ́hìndé ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkóríta pa lọ́lọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti ń yọ̀. Ni ẹnì kan bá ní, “Òyìnbó wo nìyí?”

Mo ní ọmọ wa ni. Mo ní ẹbí Fẹlá. Háà! Ẹ wá wo ìran! Kíá ni gbogbo èèyàn ti mọ̀ wọ́n. Ọlọ́kadà tí wọn kò tíì bí ní 1976 ní òun gbọ́ ọ nígbà tó jáde. Pásítọ̀ ní ìdílé àlùfáà ni, pé ó hàn nínú ohùn. Àǹtí aránṣọ, tí Gẹ̀ẹ́sì kì í yé, ní gbogbo rẹ̀ yé òun. Alàgbà ló wá gba ife-ẹ̀yẹ: ó ní òun ra àwo náà pẹ̀lú owó oṣù òun. Mo ní níbo ló wà, bàbá? Ó ní, “Ó wà lábúlé.” Gbogbo nǹkan tí Alàgbà ní tó dára, abúlé ló wà. Bí a bá lọ sí abúlé yẹn lọ́jọ́ kan, a ó bá àwo orin, kámẹ́rà, ìwé ilẹ̀ àti àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbádùn ara wọn.

Orin kan wà nínú àwo yẹn tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Amebo, ìyẹn olófòófó. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀? Àǹtí aránṣọ wo bábà. Bábà wo ìyá alága. Ìyá alága wo Pásítọ̀. Oníkálukú rẹ́rìn-ín, ó fi ìgúnpá gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo ìkóríta tó rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Mo fẹ́ràn ìlú mi.

Ẹ wò ó, n kò lè fi gbogbo rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin yìí ń kọrin nílé, ta ló tẹ́tí sí wọn tó bó ti yẹ? Wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà nínú àwọn ọdún 1980. Nas, àgbà olórin ráàpù nílùú náà, gé nínú orin wọn Life’s Gone Down Low fi ṣe ìpìlẹ̀ orin tirẹ̀. Ó di 2011 kí ilé iṣẹ́ kan ní New York, Knitting Factory, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn àwo wọn tẹ̀. Òyìnbó tó ń kó àwo jọ ń fi owó ńlá wá èyí tí Afrodisia kọ́kọ́ tẹ̀, èyí tí àwọn kan níbí fi bo ìkòkò. Kẹ́hìndé kú ní oṣù kọkànlá 2019, ọ̀nà jíjìn sí Abẹ́òkúta. Àwa tí a ní a mọ̀ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí òyìnbó kọ́kọ́ yìn wọ́n ni ìbẹ̀rẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń dúró dè é, torí kò sí orin tí a gbọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò ní kan án. Ẹnì kan dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó fọ ọ̀fun, ó ní: “Ṣé wọ́n tó Àyìnlá?”

Àyìnlá Ọmọwúrà, ará Ìtòkò, ọ̀gá àpàlà, ti kúrò láyé láti oṣù karùn-ún 1980. Síbẹ̀ òun la fi ń wọn gbogbo nǹkan. A fi ń wọn fújì, a fi ń wọn jùjú, a fi ń wọn àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà kọrin. Mo ti gbọ́ ẹni tó fi wọn sẹ́nétọ̀. Ẹ bi mí bóyá Annie Haslam tó Àyìnlá, mo dáhùn pé Àyìnlá kò tó Annie Haslam láti gun òkè ohùn, Annie Haslam kò sì tó Àyìnlá láti bú èèyàn kí onítọ̀hún sì tún náwó fún un. Àwọn ìbejì Lijadu kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn du nǹkan kan. Ìdáhùn yìí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ní Ọ̀dẹ̀dá, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń fẹ́, kí a lè rí ohun tí a ó takò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni n kò rí nǹkan fi yọ lẹ́nu, inú mi kò sì dùn sí i. Ìyá aláfún tó wà lódìkejì títì ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó ń wọn láfún, ó ń tẹ́tí. Nígbà tí orin Renaissance ń lọ sí ìparí, kí n tó sọ ìtàn ọba apànìyàn náà fún ẹnikẹ́ni, ó ti sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ yìí ń kọrin bí ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, wọ́n á pa òun.” Kò lọ yunifásítì. Kò di ojú, kò mi orí. Ó kàn gbọ́ orin náà dé ibi tí orin náà wà. Mo fẹ́ gbé e jókòó sórí àga adájọ́ àgbà, àfi ìgbà tí mo ra láfún lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo rí bó ṣe fi ìka rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ òdiwọ̀n sókè kó lè dà bí ẹni pé ó kún. Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ ti dá mi padà sílé.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Scheherazade dára, ojú kejì rẹ̀ dára ju ojú kìíní lọ, ẹni tó bá sùn kí ó tó parí kò gbọ́ ọ. Danger dára ju bí àwa onílé ti gbà lọ, ìtìjú ni pé New York ló kọ́kọ́ rántí. Ní Sátidé tó ń bọ̀, Horizon Unlimited ni n ó gbé wá sí ìkóríta. Kí Alàgbà ránṣẹ́ sí abúlé. Kí bábà gé irun tán kó tó wá. Ẹni tó bá sì tún ní orin gùn jù, òun ni yóò ra epo jẹnẹrétọ̀.